Ọwọ́ Ta Ló Wà Nínú Omi? Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Ọnà Àwọn Obìnrin àti Ọ̀rọ̀ Àyíká, láti Etíkun Ugbò

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn òǹkọ̀wé ti ń so ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ obìnrin mọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀, omi àti igbó. Françoise d'Eaubonne, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló fún èrò náà lórúkọ ní 1974. Ohun tó sọ ni pé agbára kan náà tó ń tẹ obìnrin mọ́lẹ̀ ló ń ba ilẹ̀ jẹ́. Àwọn oníṣẹ́ ọnà tẹ̀lé e, àwọn kan nínú wọn sì ti ń ṣe é kí ó tó lórúkọ. Ìbéèrè tó wà níwájú wa ni pé, bí a bá gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà wá sí Òde Ugbò, ní etíkun Ìlàjẹ, níbi tí ilé ń dúró lórí òpó igi, tí ènìyàn ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sọ́jà, tí òkun sì ń jẹ ilẹ̀ lọ lójoojúmọ́, kí ló kù nínú rẹ̀ tó wúlò fún wa? Mo rò pé ó kù púpọ̀, ṣùgbọ́n a ní láti kọ́kọ́ da apá kan rẹ̀ nù. Apá tó yẹ ká dà nù ni èyí tó ní obìnrin sún mọ́ ilẹ̀ àti omi nítorí pé Ọlọ́run dá a ní obìnrin. Apá tó yẹ ká dì mú ni èyí tó wo iṣẹ́ ọwọ́: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú omi ló kọ́kọ́ ń mọ̀ pé omi ti bàjẹ́. Nítorí náà, iṣẹ́ ọnà tó bá fẹ́ gbèjà obìnrin àti àyíká pọ̀ gbọ́dọ̀ béèrè ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ni ilẹ̀, àti ẹni tí owó ń wọ àpò rẹ̀.

Mi ò sọ pé iṣẹ́ àwọn tó gba ọ̀nà kìíní, èyí tó so ara obìnrin mọ́ ilẹ̀, kò dára. Ana Mendieta, ọmọ Kúbà tó dàgbà ní Amẹ́ríkà, lo ọ̀pọ̀ ọdún láàrin 1973 sí 1980 láti tẹ àpẹẹrẹ ara rẹ̀ sínú ẹrẹ̀, iyanrìn àti koríko, ó sì mú nínú ẹ̀sìn òrìṣà tí àwọn baba wa gbé lọ sí Kúbà nígbà òwò ẹrú. Àwòrán tó kù nínú iṣẹ́ náà máa ń dá ènìyàn dúró. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ di òfin pé ara obìnrin àti ilẹ̀ jẹ́ ohun kan náà, àwa fúnra wa la ó kọ́kọ́ rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Olókun. Obìnrin ni ní Ilé-Ifẹ̀, aya Odùduwà ni wọ́n sì ń pè é. Bí o bá dé Ìbíní, ọkùnrin ni, ọba omi. Òkun kan náà ni ìlú méjèèjì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí Yorùbá àti Ẹdó, tí wọ́n ti ń wo omi yìí fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, kò bá fẹnu kò lórí bóyá akọ ni tàbí abo, a ò lè gbé ìjà tó gbóná bí ìjà epo rọ̀bì lé orí irú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bina Agarwal, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ọmọ Íńdíà, ti dáhùn ọ̀rọ̀ yìí ní 1992 dáadáa ju ọ̀pọ̀ lọ: ó ní ohun tó so obìnrin abúlé mọ́ igbó ni igi tó ń ṣẹ́, omi tó ń pọn àti ilẹ̀ tí wọn kò jẹ́ kó ní, kì í ṣe àbùdá rẹ̀. Ọmọ Íńdíà ló ń sọ, ṣùgbọ́n ìyàwó apẹja ní Ugbònla yóò gbọ́ ọ yé.

Ní Ìlàjẹ, ọkùnrin ló sábà máa ń ju àwọ̀n. Bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, ẹja di ti obìnrin. Òun ló ń ṣà á, tó ń fọ̀ ọ́, tó ń tò ó sórí ààrò, tó ń sá edé, tó ń gbé ẹrù lọ sí Igbókòdá, tó sì ń bá oníbàárà dúnàá dúrà. Bí epo bá dà sójú omi, ọkùnrin tó ní ẹ́ńjìnnì lè wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ jìnnà síbi tí omi ṣì mọ́. Ẹni tí ààrò rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé kò ríbi sá sí; omi tó bàjẹ́ yẹn náà ló máa bù láti fọ ẹja àti láti wẹ ọmọ. Ní ìhà Awóyè, odò àgbẹ́ tí ilé-iṣẹ́ epo là kí ọkọ̀ wọn lè rọ́nà kọjá ló ṣílẹ̀kùn fún òkun. Omi iyọ̀ ya wọ inú igbó tí omi dídùn ń bọ́, igi sì kú lórí ìdúró. Igi ògùrọ̀ tí à ń rí ìko lára rẹ̀ kì í fara da iyọ̀. Láti ọdún 2020 ni iná bẹ̀rẹ̀ sí í jó ní kànga epo Ororo, lójú òkun tí kò jìnnà sí Awóyè yìí kan náà, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi jó.

Síbẹ̀, bí wọ́n bá ń sọ ìtàn ìjà epo ní Ìlàjẹ, ìtàn àwọn ọkùnrin ló máa ń jẹ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún 1998, àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún lọ jókòó sórí pèpéle epo Parabe tó jẹ́ ti Chevron. Ní ọjọ́ 28, àwọn ológun fi hẹlikópítà dé bá wọn, wọ́n sì yìnbọn pa méjì. Wọ́n pe Chevron lẹ́jọ́, ẹjọ́ náà rìn títí dé San Francisco, ibẹ̀ ni júrì ti dá ilé-iṣẹ́ náà láre ní oṣù kejìlá 2008. Gbogbo ayé mọ ìyẹn. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn Parabe, ní oṣù keje 2002, àwọn obìnrin Itsẹkiri láti Ugborodo, tí kò jìnnà sí wa ní ìlà oòrùn, wọ ibùdó epo Escravos, wọ́n sì dá àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní ẹgbẹ̀ta dúró síbẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan àwọn, àwọn yóò bọ́ra síhòòhò. Lónìí, àwọn tó ń kọ̀wé nípa iṣẹ́ ọnà tí a fi ara ẹni ṣe fẹ́ràn ìtàn yìí, wọ́n ń tò ó mọ́ ti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó ń bọ́ra nínú gbọ̀ngàn ìpàtẹ ní ìlú òyìnbó. Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí wọn nìyí. Ìhòòhò ìyá àgbà jẹ́ èpè tí gbogbo ẹ̀yà etíkun yìí mọ̀, agbára rẹ̀ sì dá lórí pé ẹnikẹ́ni kò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Kò ṣẹlẹ̀ náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n jókòó, wọ́n ka ohun tí wọ́n fẹ́: iṣẹ́ fún àwọn ọmọ wọn, iná mànàmáná, omi mímu, ilé-ìwé. Ìwé ìròyìn gbé ìhòòhò sí ojú ewé àkọ́kọ́, wọn kò sì fún ohun tí àwọn obìnrin náà béèrè láyè tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọnà tó bá tún ìṣìnà yẹn ṣe, tó yọ ara obìnrin sójú tó sì gbàgbé ohun tó béèrè, kò gbèjà ẹnikẹ́ni.

A kò gbọ́dọ̀ sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin mọ́ tónítóní. Àdìrẹ ló fi èyí hàn jù. Ní Abẹ́òkúta, láti orí aláró títí dé orí ẹni tó ń tà á, obìnrin ló ni iṣẹ́ náà. Ara ewé èlú ni wọ́n ti ń rí aró: wọ́n á gún ewé náà tútù, wọ́n á mọ ọ́n ní ṣùù, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú omi eérú tí wọ́n ti sẹ́ nínú ìkòkò, yóò sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó ṣeé ki aṣọ bọ̀. Nígbà tó máa di àwọn ọdún 1920, sódà àti aró òyìnbó ti dé, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan di iṣẹ́ ọjọ́ kan. Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í tètè gbó, oníbàárà ń ráhùn, ní 1936 sì ni Aláké Ademọ́lá Kejì fòfin de sódà àti aró òyìnbó. Àwọn aláró kò gbà rárá. Wọ́n takò ó gidigidi, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìjọba amúnisìn. Ẹni tó bá gbà pé obìnrin fẹ́ràn ewé ju kẹ́míkà lọ nítorí pé ó jẹ́ obìnrin kò lè ṣàlàyé ọdún 1936. Ẹni tó bá wo iṣẹ́ àti owó lè ṣàlàyé rẹ̀: ọjà ti wó, gbèsè wà lọ́rùn, ọjọ́ tí ewé èlú ń jẹ, kò sẹ́ni tó ń sanwó rẹ̀. Títí dòní, omi sódà ṣì ń ṣàn láti àgbàlá aláró lọ sínú odò. Bí a bá ní kí wọ́n padà sí èlú, tí a kò sì ṣe tán láti san owó ọjọ́ wọn, ẹrù gbogbo ayé la fẹ́ gbé lé wọn lórí. Ìdí nìyí tí mo fi ka Nike Davies-Okundaye, tí a bí ní Ògìdì ní 1951, sí ẹni pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó kọ́ àìmọye ènìyàn ní àdìrẹ, ó sì ta á ní iye owó tí ọjọ́ tó wà nínú aṣọ náà tó sí, ní gbọ̀ngàn ìpàtẹ tirẹ̀ ní Òṣogbo, Èkó àti Àbújá. Owó yẹn ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà kú.

Àtakò tó lágbára jù lọ ni pé ọnà kò lè dí ihò epo, kò sì lè dá òkun dúró. Àpẹẹrẹ tó tóbi jù nílẹ̀ Yorùbá dáhùn rẹ̀ ní ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Ọ́síríà tí a wá mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dé Nàìjíríà ní 1950. Nígbà tó dé igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, wọ́n ti ń gé igi níbẹ̀, wọ́n ti ń dáko, ojúbọ ti ń wó. Òun pẹ̀lú Adébísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí, Kàsálì Àkàngbé àti àwọn mìíràn fi sìmẹ́ǹtì, amọ̀ àti igi gbé ère ńláńlá dìde, títí kan ti Ìyá Mòòpó, òrìṣà tó ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin. Ibi tí ère ńlá bá dúró sí, ó ṣòro láti tà á fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé. Ìjọba sọ ibẹ̀ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, igbó tó tó hẹ́kítà márùndínlọ́gọ́rin sì ṣì wà níbẹ̀ létí ìlú ńlá. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ọnà kò lè gba ilẹ̀ là, kó lọ sí Òṣogbo. Ṣùgbọ́n kí ó wo odò náà pẹ̀lú. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, omi Ọ̀ṣun ti pọ́n nítorí àwọn tó ń wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lókè odò, débi pé ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn ọlọ́dún kí wọ́n má mu omi tí wọ́n ti ń mu láti ayébáyé. Ère dáàbò bo èbúté, kò lè dáàbò bo omi, torí pé omi ń wá láti ibi tí agbára ère kò dé. Wenger kú ní oṣù kìíní 2009. Ohun tó kù kọjá iṣẹ́ agbẹ́gilére; iṣẹ́ òfin àti ìjọba ni, ọnà kàn lè jẹ́ kí ojú ti àwọn tó yẹ kó ṣe é ni.

Lára iṣẹ́ òde òní, mo gbé mẹ́ta ga ju ìyókù lọ, ìdíwọ̀n kan náà, ìyẹn iṣẹ́, ilẹ̀ àti owó, ni mo fi wọ̀n wọ́n. Wura-Natasha Ogunji, tí a bí ní Amẹ́ríkà fún bàbá tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kó àwọn obìnrin jọ ní Èkó ní 2013. Wọ́n bojú, wọ́n so kẹ́ẹ̀gì tó kún fún omi mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń wọ́ ọ lórí títì láàrin àwọn ọlọ́kadà àti àwọn tó ń tajà. Ó fi ìbéèrè sọ orúkọ iṣẹ́ náà: ṣé obìnrin yóò ṣì máa ru omi lẹ́yìn tó bá kú tán? Kò sí òrìṣà kankan níbẹ̀, kò sí ewé. Kẹ́ẹ̀gì rọ́bà, oòrùn, àti iṣẹ́ tí gbogbo wa ń rí lójoojúmọ́ tí a kì í kà sí iṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Otobong Nkanga, tí a bí ní Kánò ní 1974, lọ síwájú sí i: ní ìpàtẹ documenta ọdún 2017 ní Athens àti Kassel, ó ṣe ọṣẹ, ó tà á, owó rẹ̀ sì wọ àjọ kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ oko ní Akwa Ibom. Ọnà di ọjà, ọjà di ilẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Sokari Douglas Camp, ọmọ Kalabari láti Buguma, tó ti ń jó irin pọ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2006 ó ṣe bọ́ọ̀sì irin kan fún ìrántí Ken Saro-Wiwa àti àwọn Ògóní mìíràn tí ìjọba pa pẹ̀lú rẹ̀ ní 1995. Nígbà tí wọ́n gbé e wá sílé ní 2015, kọ́sítọ́ọ̀mù gbà á sílẹ̀ ní èbúté Èkó. Àwọn tó ń sọ pé ọnà kò lágbára, kí wọ́n sọ fún wa ohun tó fa irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí, pé Yorùbá kò mọ ìjà akọ àti abo. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí ti fi ìwé kan jà fún èyí ní 1997. Ó ní ọjọ́ orí ló ń to àwùjọ wa kí òyìnbó tó dé, kì í ṣe akọ tàbí abo. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí rẹ̀, n kò sì ní í gbìyànjú láti parí rẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n bó bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́ délẹ̀, ìgbà àtijọ́ kọ́ ni epo rọ̀bì dé. Lónìí, níbi tí wọ́n ti ń pín owó ìtanràn epo ní abúlé etíkun, ọkùnrin ló kún orí àga. Mọ́lará Ògúndípẹ̀ rí èyí, ní 1994 ló sì dábàá pé kí a pa orúkọ òyìnbó tì, kí a máa béèrè pé kí obìnrin wà nínú àtúnṣe ìlú. Mo fara mọ́ ọn.

Àtakò mìíràn wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó rò pé ère obìnrin akọni ti tó. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé fojú fò ní Ugbò. Ọọ̀ni Ogunwusi gbé ère Mọ́remí tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42 dìde ní Ilé-Ifẹ̀ ní 2016, ohun ìwúrí ni fún ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin. Ní ìtàn tí Ifẹ̀ ń sọ, àwọn ará Ugbò ló ń fi ìko àti koríko bora wá kó wọn lẹ́rú. Mọ́remí jẹ́ kí wọ́n mú òun, ó fẹ́ ọba wọn, ó mọ àṣírí, ó sálọ sílé, Ifẹ̀ sì fi ògùṣọ̀ jó ìko náà. Bí o bá dúró ní Ugbò ka ìtàn yìí, ìwọ yóò rí i pé akọni obìnrin kan lè jẹ́ ìdáǹdè níbì kan kó sì jẹ́ ìparun níbòmíràn, àti pé ohun tí iná kọ́kọ́ mú ni ohun tí igbó omi pèsè. N kò fi èyí bu Mọ́remí kù. Mo fi ń sọ pé ère ẹni ńlá kò lè rọ́pò àkọsílẹ̀ nípa àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn.

Àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn yìí ló mú mi dé orí ẹní. Obìnrin Ìlàjẹ ti ń hun ẹní láti ìgbà pípẹ́. Wọ́n á gé koríko etí omi, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á pa apá kan láró, wọ́n á wá máa fi ọwọ́ hun ún, kí àwọ̀ lè kọjá lókè níbì kan kó sì wọlẹ̀ níbòmíràn títí àrà yóò fi jáde. Kò sí iṣẹ́ ọnà tó sún mọ́ ipò omi tó bẹ́ẹ̀. Bí iyọ̀ bá wọ irà, a ó rí i lára koríko. Bí koríko bá jìnnà, a ó rí i lára iye tí wọ́n ń ta ẹní. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn iṣẹ́ tó lókìkí lórí epo rọ̀bì ní Nàìjíríà wá láti ọ̀dọ̀ Kalabari àti Ògóní. Etíkun wa kò tíì rí irú àyè bẹ́ẹ̀, mo sì gbà pé ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ ni pé àwọn olùṣètò ìpàtẹ ń wá irin, fídíò àti ara tó ń jó, wọ́n sì ń ka ẹní sí ohun tí a ń tẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan yóò ní gbígbé ẹní kọ́ sára ògiri yóò ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá kọ́ ọ láìní orúkọ. Mierle Laderman Ukeles ti fi hàn ní New York láti 1969 pé ẹni tó ń gbálẹ̀ tó sì ń kó ìdọ̀tí ni ọnà yẹ kó dárúkọ. Láàrin 1979 sí 1980 ó bọ gbogbo òṣìṣẹ́ tó ń kó ìdọ̀tí ìlú náà lọ́wọ́, wọ́n sì lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ.

Ayétòrò, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ dó ní 1947, ti pàdánù ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti itẹ́ òkú fún òkun, iṣẹ́ ìdènà òkun tí NDDC, àjọ ìjọba tó wà fún ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, gbé síta ní àwọn ọdún 2000 kò sì dá omi dúró. Irà tí a ti ń gé koríko lónìí lè di òkun lọ́la. Nítorí náà, ìpàtẹ tí mo ń fẹ́ kí a ṣe fún Ìlàjẹ kò nílò ère kankan. Kí wọ́n ra ẹní ní iye tí ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀ tó sí. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó hun ún sí i, bí ó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọdún tó hun ún, irà tó ti gé koríko rẹ̀, àti bóyá omi irà náà dùn tàbí ó níyọ̀. Kí ẹ̀dà kan nínú àkọsílẹ̀ yìí wà ní Òde Ugbò, kí ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ agbẹjọ́rò.